Àbúrò Mi, Ṣe Bí Ẹni Ń Lọ Sílé Àna

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó máa gbà ọ́ nímọ̀ràn. Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti Bàbá Ìbejì kó àwọn ọmọ kọjá ibodè lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ohun tí n kò dì sẹ́rù. Mo rán aṣọ kan náà fún gbogbo wa. Mo ra bàtà tuntun fún Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo din ẹran, mo din ata, mo tiẹ̀ gbé ìrọ̀rí ìyá ọkọ mi dání nítorí ọrùn tó máa ń dùn wọ́n. A jókòó nínú mọ́tò títí ìdí fi kú mọ́ wa lára. Nígbà tí a dé Àgbómẹ̀, tí àwọn Faransé ń kọ ní Abomey, tí a dúró níwájú ògiri ààfin àwọn ọba Dàhòmì, ògiri tí òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò, Kẹ́hìndé wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó yíjú sí mi.

"Màmá, ilé alámọ̀ mà lèyí. Ṣé kò sí ilé alámọ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni?"

Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni mo fi wá wo ilé alámọ̀.

Mo ti bínú sí ọmọ náà tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fún un ní ẹran, mo fún un ní bàtà (tó tún há a lẹ́sẹ̀), n kò fún un ní ìtàn kankan. Ahoro kì í ṣe ọjà Ṣakí tí èèyàn kàn lè fi ojú ná. Bí o kò bá mọ ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó lé e kúrò níbẹ̀, àti ohun tó da òun àti àwọn baba ńlá rẹ pọ̀, amọ̀ ni wàá rí, bí kì í bá ṣe òkúta. Àbúrò wa kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Wọ́n dé ilé òrìṣà Karnak ní ìlú Luxor, níbi tí òpó òkúta 134 ti dúró nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, tí èèyàn á gbọ́rùn sókè títí fìlà á fi já bọ́. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò náà dára. Mo wá bi ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní oòrùn mú gan-an, àwọn sì rí ológbò kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá bi mí: bí o bá fẹ́ kó ẹbí lọ wo ahoro nílẹ̀ onílẹ̀, ṣe bí ẹni ń lọ sílé àna. Ta ní ń lọ sílé àna láìmọ orúkọ wọn? Ta ní ń lọ láìbéèrè èèwọ̀ wọn? Bí ìjà kan bá sì ti wà láàárín ẹbí méjèèjì rí, àgbà kan á pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ kí o tó gbéra, á là á yé ọ, kí o má baà débẹ̀ lọ fẹnu kọ.

Kí o sì tó lọ sílé àna, o ní láti mọ ilé tìrẹ ná. Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí mò ń gbé yìí, ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà Páàkì wà níbẹ̀, ìyẹn ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Inú rẹ̀, lápá òkè lọ́hùn-ún, ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́, wà. Àwọn àlejò máa ń gba ìlú wa kọjá, màá kí wọn kú ìrìn, màá sì padà sídìí èlùbọ́ tí mò ń sá. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ Ọ̀yọ́-Ilé, nígbà tí mo sì ti ná owó sẹ́fà ní Àgbómẹ̀ tán. Ìwọ náà gbọ́ nǹkan bí?

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀ lórí ìwé ìrìnnà, kó wọn lọ wo èyí tó wà nítòsí. Àwa ará Òkè-Ògùn kò ní àwáwí. Ìgbòho wà níbẹ̀, níbi tí àwọn Aláàfin sá wá nígbà tí àwọn Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin mẹ́rin ló wàjà síbẹ̀, inú Igbó Ọba ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìtàn tó sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ni pé obìnrin ni. Ẹnu àwọn òpìtàn ò kò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún ọmọbìnrin rẹ kí o wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa là.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ lo máa fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀ fún. Òyìnbó Clapperton dé ibẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1826, ó bá Aláàfin lórí ìtẹ́, ó bá ọjà tó ń ná. Kò pé ọdún 15 lẹ́yìn náà tí ìlú tú. Ogun Ìlọrin ló lé wọn. Oníkálùkù di ẹrù, wọ́n forí lé gúúsù, Aláàfin Àtìbà sì lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Igbó gba ilé. Ohun tó kù ni odi tó ti wó di òkìtì, yàrà, igi oṣè, àti ojú ọlọ lára àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ọkà. Àpáàdì sì wà káàkiri nílẹ̀.

Ọjọ́ tí a lọ, ẹ̀ṣọ́ igbó méjì ló ṣíwájú wa. Ìyá ọkọ mi, Alhájà, ti sọ láti ilé pé inú mọ́tò ni àwọn máa jókòó sí, àwọn ò bá wa rìn nínú ẹ̀gún. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí mo rí Kẹ́hìndé tó bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan nílẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Mo fẹ́ pariwo. Alhájà ti rí i ṣáájú mi.

"Mú un wá."

Ọmọ náà mú un wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ń retí ìgbájú. Àpáàdì ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Alhájà tu itọ́ díẹ̀ sí àtàǹpàkò, wọ́n fi nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Ilà wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó tò tẹ̀lé ara wọn bí eyín.

"Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n yí lé e lára nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Báyìí náà ni ìyá mi ṣe máa ń ṣe é."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, n kò mọ̀ pé amọ̀kòkò ni ìyá Alhájà. Kẹ́hìndé gba àpáàdì náà, ó fi ìka tirẹ̀ tọ ilà yẹn lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ta ló fọ́ ìkòkò yẹn?"

"Ogun."

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó dá a padà síbi tó ti mú un, kó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ bó ṣe bá a. Ó dá a padà. Táyé kúnlẹ̀ lórí àpáta, ó ki ọwọ́ bọ inú ojú ọlọ kan, ó ní ó ń yọ̀. Ọmọ tó pe Àgbómẹ̀ ní ilé alámọ̀, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí a fi padà dénú mọ́tò.

Bí o bá ń lọ, oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí o lọ, nítorí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà á bàjẹ́, koríko á ga ju ọmọ lọ. Ọ́fíìsì Páàkì ni kí o ti sanwó, kí o sì gba ẹ̀ṣọ́. Béèrè bí ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ tí o fẹ́ lọ gan-an, má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ fún ọ lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kí o má lọ, má jiyàn, Ìgbòho ń bẹ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ohunkóhun jáde níbẹ̀, àpáàdì ò, òkúta ò. Yàtọ̀ sí ti Alhájà, òfin ìjọba náà lòdì sí i.

Ó yá, jẹ́ ká kọjá ibodè.

Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé pẹ́ ọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Àwa ọmọ ECOWAS ò nílò físà, a lè lo 90 ọjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní yẹ́lò káàdì, gbà á nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá gún ọ lábẹ́rẹ́ lóòótọ́. Má rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú báàgì kiri. Ó sì yẹ kí abẹ́rẹ́ náà ti pé ọjọ́ 10 lára kí o tó gbéra. Bí bàbá àwọn ọmọ ò bá bá yín lọ, gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì mú ìwé ọjọ́ ìbí wọn dání. Owó sẹ́fà wẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o pọ̀ sọ́wọ́. Àwọn ará ibẹ̀, ṣéńjì wọ́n wọn bí ojú. Bí o bá na ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí oní-àkàsà láàárọ̀, wàá dúró tì í títí ebi á fi pa òun náà.

Ibi tí wàá kọ́kọ́ dé ló ṣe pàtàkì. Lójú tèmi, Kétu ni. Ẹni tó bá gba Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, kò jìnnà mọ́ rárá. Ìgbà kejì tí a lọ, ibẹ̀ la gbà. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ àti ọbẹ̀ ẹja kí wa, ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Táyé fà mí láṣọ: "Màmá, ṣé a ò tíì kúrò ní Nàìjíríà ni?" Pátákó tó wà lókè orí obìnrin náà, Faransé ni wọ́n kọ sí i láti òkè délẹ̀. Ọmọ náà ń wo pátákó, ó ń wo ẹnu obìnrin náà. Kò sí olùkọ́ tó lè ṣàlàyé ibodè tí àwọn òyìnbó fà sáàárín ọmọ ìyá kan náà ju bí ọbẹ̀ ẹja yẹn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ahoro tí wàá wò ní Kétu ni Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè ìlú àtijọ́, tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó ní ilẹ̀kùn, tó sì ṣókùnkùn nínú. Odi àti yàrà ló yí ìlú ká nígbà náà. Ojúbọ ni ibẹ̀ títí dòní, kì í ṣe òkú ilé. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ jókòó lábẹ́ igi, mo kúnlẹ̀, àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀. Kí ó tó fèsì, ó ti ń béèrè: "Ọmọ ibo ni yín?" Kẹ́hìndé ní ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni àwọn. Bàbá náà ò mọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà tí Bàbá Ìbejì sọ pé ẹ̀bá Ṣakí ni, ó mi orí: "Ọ̀yọ́ ni yín nìyẹn." Àwọn ọmọ wo ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló fọ́ Kétu ní ọdún 1886, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú, ìlú di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ará Kétu tó padà wá tún un dó, Alákétu sì ń bẹ lórí oyè lónìí. Àwọn tí wọ́n ti kó gba òkun lọ ṣáájú ìgbà náà gbé orúkọ ìlú náà dání: ní Bàhíà ní Bràsíìlì, àwọn ilé òrìṣà wà tó ń pe ara wọn ní ti Kétu. Èyí ni kí o sọ fún ọmọ rẹ níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ nílé, ìtàn ni. Bí ó bá gbọ́ ọ níbẹ̀, á fọwọ́ kan ògiri.

Ó wá kan Àgbómẹ̀, ilé àna tí ìjà wà láàárín wa. Àwọn ọmọ mi ti wo fíìmù The Woman King, èyí tó jáde ní ọdún 2022. O rántí pé Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí a sùn ní Bohicon, létí Àgbómẹ̀, Táyé bi mí nínú òkùnkùn, nígbà tí mo rò pé ó ti sùn: "Màmá, ṣé àwa ni ọ̀tá yẹn?"

Àbúrò mi, má fi ẹ̀rín gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jù nù, má sì purọ́. Mo tan iná. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn baba wa fi ẹṣin jagun wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n borí. Ní ọdún 1730 ni wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1748, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin lọ́dọọdún. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn rẹ̀, 41, 41 ni wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀: ọkùnrin 41, obìnrin 41, ìbọn 41. Ọba Ghezo ló kọ̀ tí kò san án mọ́, ní nǹkan bí ọdún 1823, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti ń mì. "Ṣé ọba inú fíìmù yẹn?" Òun ni. Mo sọ fún un pé John Boyega tó ṣe Ghezo níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Peckham, ládùúgbò àǹtí wọn, ni wọ́n sì bí i sí. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín. Mo wá sọ èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín: pé Ọ̀yọ́ ta èèyàn, Dàhòmì ta èèyàn, etí òkun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Kẹ́hìndé náà ti jí. A ò tètè sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó rántí ilé alámọ̀. Ààfin yẹn fẹ̀ tó hẹ́kítà 47. Ọba 12 ló jẹ níbẹ̀ láàárín ọdún 1625 sí 1900, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó jẹ ṣáájú. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé láti ọdún 1985. Ẹ̀tàn kékeré kan wà tí mo fi ń mú ọmọ wo ògiri, gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán tí wọ́n fi amọ̀ mọ sára ògiri níbẹ̀, oríkì àwọn ọba ni: ẹfọ̀n ni ti Ghezo, kìnnìún ni ti Glele, ẹja ńlá inú òkun tó ń jẹ èèyàn ni ti Behanzin. Mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹran mẹ́ta á mu mínírà méjì. Wọ́n wo ògiri yẹn bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Kẹ́hìndé rí ìkòkò kan tí ihò wà lára rẹ̀, ó sáré wá bi mí pé ta ló fọ́ èyí. Afinimọ̀nà wa ní ti Ghezo náà ni: bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò rẹ̀, omi ò ní jò. Mo wo Alhájà, Alhájà wo èmi.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Behanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáná sun ààfin ní ọdún 1892 kí Faransé tó wọlé, Táyé ní, "Ilé bàbá rẹ̀?" Ilé bàbá rẹ̀. Ohun tí iná ò jó, àwọn ọmọ ogun Faransé kó o lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni Faransé tó dá 26 padà nínú rẹ̀, ìtẹ́ ọba wà nínú wọn. Iṣẹ́ àtúnkọ́ ń lọ níbẹ̀, nítorí náà béèrè kí o tó gbéra bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí, èwo ni wọ́n sì ń jẹ́ kí àlejò wọ̀. Gba afinimọ̀nà tí wọ́n fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Bí o kò bá gbọ́ Faransé, sọ ọ́ ní gbangba pé Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́. Èmi tijú ìgbà àkọ́kọ́, mo ń mi orí, mo ń sọ pé "wì, wì", n kò gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ ní kọ̀rọ̀, obìnrin sí obìnrin. Aṣọ tí wàá wọ̀, ìró ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣòkòtò dídì tàn ọ́ nítorí fọ́tò. Ìró dára fún ojúbọ, ó dára fún oòrùn, ọjọ́ tí ilé ìyàgbẹ́ ò bá sì sí lójú ọ̀nà, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Sálúbàtà ni kí o wọ̀, kì í ṣe bàtà olókùn, nítorí wọ́n á ní kí o bọ́ ọ, kí o wọ̀ ọ́, kí o tún bọ́ ọ, ní ọ̀pọ̀ ibi. Nǹkan oṣù ńkọ́? Àwọn ojúbọ wà tí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ̀. Wá àgbà obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, bi í ní jẹ́jẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo jókòó síta lábẹ́ igi pẹ̀lú oní-wàgàsì kan, wàràǹkàṣì tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa ní Ṣakí náà ni, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi sínú ọbẹ̀ wọn. N kò pàdánù ohunkóhun. Èèwọ̀ onílé ni, bí àna rẹ bá ní àwọn kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ìwọ ò ní bá wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Béèrè kí o tó yọ fóònù. Ibi tí wọ́n bá sin ọba sí, ká a sápò, kí o sì kìlọ̀ fún bàbá àwọn ọmọ, nítorí àwọn ọkùnrin ló máa ń yà á ní jíjí.

Bí ẹ̀sìn bá ń dẹ́rù bà ọ́, wo Alhájà. A kọjá sí ìlú Ouidah lọ́nà àbọ̀, ilé òrìṣà erè wà níbẹ̀, ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀ṣì àgùdà ńlá kan gan-an, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Erè wà nínú iyàrá rẹ̀ bí ẹ̀wù tí wọ́n ká lé ara wọn, wọn ò lóró, wọ́n sì ń gbé e kọ́ àlejò lọ́rùn. Kẹ́hìndé ti na ọrùn. Wọ́n bi Alhájà bóyá àwọn náà fẹ́. Ìyá tó ti rí Mẹ́kà, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Mo wò ó, mo kí yín, n kò bọ ọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn onílé náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àga fún Alhájà. Irú ìdáhùn tí mò ń wí nìyẹn. Ẹni tó bá ń pariwo "ẹ̀jẹ̀ Jésù" tàbí "àsítàgfìrù" sójú onílé, kó jókòó sílé rẹ̀.

Ibi kan ló tó lójúmọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, mo to ibi mẹ́rin sí ọjọ́ kan bí ẹni ń ta ọjà ọ̀sán, alẹ́ ọjọ́ náà gbogbo wa ló ń ké, títí kan Bàbá Ìbejì tó ní orí ló ń fọ́ òun. Lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó le, jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, kí ẹ jáde lọ jẹ àmíwó nírọ̀lẹ́. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ẹni tó bá ń yàgbẹ́, oògùn ibà, fìlà. Bàtà tuntun, fi sílẹ̀ fún ọdún Iléyá. Mú àgbà kan dání bí ara wọn bá gbà á. Ìyá ọkọ tí ò ń rò pé ó máa ni ọ́ lára lọ́nà, ó lè jẹ́ òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọnà ara ìkòkò. Owó ìrìn àjò náà, má yá a. Ahoro tó ti dúró láti ayé Ghezo á dúró dè ọ́ títí àjọ rẹ á fi kó.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Táyé ti ń bi mí bóyá a lè lọ sí Karnak. Mo ní kó lọ ka ìtàn rẹ̀ wá ná. Bí ìwọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé, fi fóònù pè mí kí o tó kúrò nílé, kí n bá ọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èlùbọ́ wà nílẹ̀, Alhájà náà sì ti ní àwọn ò jókòó sínú mọ́tò mọ́.